Párì Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá Eku

"Gbọ́ eléyìí," ni bàbá mi wí.

Ó gbé òòlù kékeré rẹ̀ sókè, ó fi kan ògiri àpáta náà lẹ́ẹ̀kan. Ohùn rẹ̀ dún gooro bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sún ìṣísẹ̀ méjì sí ọ̀tún, ó tún kàn án. Lọ́tẹ̀ yìí ohùn náà kú, bí ìgbà tí ènìyàn bá lu àpótí tí aṣọ kún inú rẹ̀.

"Kí lo gbọ́, Libera?"

"Ó ti là nínú, Bàbá."

"Ó ti là nínú, ilẹ̀ pupa sì ti dí ojú ibẹ̀. Òkúta tó bá dákẹ́ báyìí, má ṣe fi ẹ̀yìn tì í láéláé."

Búrọ̀dá Cataldo jókòó sórí òkúta kan nítòsí, ó ń jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì tí mo gbé wá fún àwọn méjèèjì. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí òun àti bàbá mi ti jọ ń gé òkúta. "Nazario, jẹ́ kí ọmọ sinmi," ó wí, ó sì yíjú sí mi. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, má dá a lóhùn o. Ìwé ni kí o kà. Wo ọwọ́ mi bó ṣe le bí èèpo igi. Obìnrin wo ló máa jẹ́ kí n fi di òun mú?"

"Ìyàwó yín ńkọ́, sà?"

"Ìyẹn? Ojú ń dùn ún nígbà tí mo fẹ́ ẹ."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ògiri náà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí lọ́dún náà. Ní ìlú wa, Apricena, ní ìsàlẹ̀ òkè Gargano, òkúta ẹfun ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá ń gé jẹun, gbogbo wọn ló sì kórìíra ilẹ̀ pupa. Bí ó ṣe ń dé inú òkúta rèé: omi òjò a máa jẹ òkúta ẹfun díẹ̀díẹ̀, bí ṣúgà ṣe ń yọ́ nínú tíì, títí yóò fi di pàlàpálá gbọọrọ. Àgbàrá á wá gbá erùpẹ̀ pupa wọnú rẹ̀, pẹ̀lú ohunkóhun tó bá ti kú sórí ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú ilẹ̀ pupa ni a ti ń rí egungun. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé ibi tí egungun bá wà, àpáta ibẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan mọ́. Méjì ni, erùpẹ̀ lásán ló sì di méjèèjì mú.

Egungun tó lókìkí jù nínú wọn ni ti Bàbá Eku. Àwọn agé-òkúta ìgbà àtijọ́ ló sọ ọ́ ní orúkọ yẹn nítorí eyín rẹ̀ tó yọ síwájú. Ṣùgbọ́n Ìyáàfin Pazienza, tó ń kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì, sọ pé kì í ṣe eku rárá. Ìbátan lìílì ni, àmọ́ kò ní ẹ̀gún. Irun ló bò ó, ẹnu rẹ̀ sì gùn sọọrọ bíi ti asín. Nígbà náà lọ́hùn-ún, òkun yí Gargano ká, erékùṣù ni. Kò sí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ níbẹ̀, kò sí ìkookò, kò sí ológbò tó lè lé ẹranko kékeré wọ ihò. Ẹranko tí àwọn ìbátan rẹ̀ níbòmíràn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ wá ń tóbi láti ìran dé ìran, títí orí rẹ̀ nìkan fi gùn tó orí ajá. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún ti kọjá lẹ́yìn tó parẹ́. Kò sí ibòmíràn láyé tí a ti ń rí irú egungun rẹ̀ ju agbègbè wa àti òkè kan tí kò jìnnà síbí lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ amí pẹ̀lú, torí òun gan-an ni ẹjọ́ mi dá lé. Níbi tí ògiri kúárì bá ti là, wọ́n ń fi amí sí i. Nǹkan kékeré ni. Wọ́n á po píópì, ìyẹ̀fun funfun tó máa ń le bí òkúta bí a bá pò ó mọ́ omi, wọ́n á fi lẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pàlàpálá náà pọ̀, bí ẹni fi báńdéèjì lẹ ojú egbò. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìka mẹ́ta lọ. Wọ́n á wá fi pẹ́ńsù kọ déètì sí i lára. Píópì kì í nà. Bí àpáta bá sún, ì báà má ju ìwọ̀n irun orí kan lọ, amí á fọ́, á sì tú àṣírí àpáta. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó fọ́ lọ. Ọjọ́ tí amí bá fọ́, gbogbo ènìyàn á kúrò lábẹ́ ògiri yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí ẹnjiníà yóò fi dé.

Bàbá mi ni olùtọ́jú amí ní kúárì wa. Mẹ́rìnlá ni wọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ déètì ara gbogbo wọn. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kì í wo àpáta. Ojú bàbá mi ni wọ́n ń wò.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí bàbá mi ní kí n gbọ́ ohùn ògiri náà, bí bàbá mi ti yà lọ bu omi mu, mo gbójú sókè sí amí keje, tó wà ní òkè díẹ̀ ju orí wa lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú ilẹ̀ pupa, mo rí eyín. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lórí egungun kan tó gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ, wọ́n dúdú, wọ́n sì ń dán. Párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá Eku ni.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí n sọ. Ìyáàfin Pazienza ti kìlọ̀ fún wa ní kíláàsì pé egungun tó bá jáde nínú ilẹ̀, ti ìjọba ni. Kí a má fọwọ́ kàn án, kí a pe àwọn tó mọ̀ ọ́n yọ. Ṣùgbọ́n òun kan náà ló sọ fún wa pé wọ́n máa ṣí yàrá tuntun ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí odindi orí Bàbá Eku, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa kọ sábẹ́ gíláàsì. "Eléruku" ni wọ́n ń pè mí ní kíláàsì, nítorí eruku funfun kúárì tó máa ń wà lára bàtà mi. Mo ti rí orúkọ náà lójú inú mi: *Libera Cocomazzi*, lẹ́tà dúdú lórí páálí funfun. Mo fẹ́ ẹ débi pé oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́.

Ruggiero nìkan ni mo sọ fún. Kíláàsì kan náà ni wá, alùpùpù rẹ̀ kékeré sì ń pariwo ju ẹnu rẹ̀ lọ, tí ẹnu rẹ̀ náà kò kéré.

"Tó o bá sọ fún wọn, wọ́n á kó ọkọ̀ wá láti ìlú ńlá," ó wí. "Ọkùnrin onígò ojú kan á yọ ọ́, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n á kọ. Ìwọ á máa sanwó wọlé lọ wo ohun tó o fi ojú ẹ rí."

"Wọ́n máa gbé wáyà agé-òkúta débẹ̀ lọ́jọ́ Ajé."

"Ọjọ́ Àìkú ló kù nìyẹn."

"Ògiri yẹn ò dára, Ruggiero."

"Ẹ̀rù ń bà ọ́? Ọmọ agé-òkúta tó ń sá fún òkúta! Kò burú, máa lọ jókòó ti màmá ẹ, kẹ́ ẹ jọ máa ṣa ẹ̀wà."

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn àti oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí bàbá mi sùn fọnfọn lórí àga, mo kó píópì àti òòlù nínú yàrá irinṣẹ́ rẹ̀. Mo mú aṣọ àkísà àti irin ẹlẹ́nu mímú kan, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì ilé ìwé mi. Ruggiero gbé mi. A gba ibi tí wáyà ọgbà ti já wọlé.

Kúárì tí mo mọ̀ máa ń hó ni. Lọ́jọ́ yẹn, ó dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti gbé òkú jáde. Òjò tó rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ ti dá láti Ọjọ́bọ̀, síbẹ̀ omi ń kán láti inú pàlàpálá náà, tó, tó, tó, omi náà sì pupa. Àwọn ẹyẹlé òkè tó máa ń kún inú ihò ògiri yẹn, mi ò rí ẹyọ kan. Bí mo ti gbé àkàsọ̀ tì í, òkúta kékeré kan já bọ́ láti òkè fúnra rẹ̀, ó ta lẹ́ẹ̀mejì nílẹ̀, ó dúró lẹ́bàá ẹsẹ̀ Ruggiero.

"Ẹnì kan wà lókè yẹn bí?" ó bi mí.

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ta ló wá sọ òkúta?"

Gbogbo ohun tí mo kà yìí ni mo rí lọ́jọ́ náà. Ọmọ Nazario ni mí, mo mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n eyín yẹn ni mò ń wò.

Mo gun àkàsọ̀. Mo gbẹ́ erùpẹ̀ yí egungun náà ká díẹ̀díẹ̀. Mo rẹ àkísà sínú píópì, mo wé e mọ́ ọn lára kó má baà fọ́, mo sì dúró kó le. Nígbà tí mo yọ ọ́, ihò tó kù lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ kí n rí nǹkan mìíràn: egungun pẹlẹbẹ kan tó tẹ̀ kọdọrọ wọnú òkùnkùn. Orí rẹ̀ ni. Odindi orí. Mo ti irin wọlé láti ẹ̀gbẹ́, mo fi òòlù kàn án.

Ó dún *tá*.

Amí keje ti dá sí méjì.

"Kí ló dún yẹn?" Ruggiero ké láti ìsàlẹ̀.

"Amí ti fọ́."

"Ìwọ lo fọ́ ọ?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

"Tó bá jẹ́ ìwọ lo fọ́ ọ, kì í ṣe àpáta nìyẹn. Tún un ṣe, jẹ́ ká máa lọ. Ibí yìí ò wù mí mọ́."

"Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án."

"O ti fọwọ́ kàn án ná! Ṣé o fẹ́ lọ sọ fún bàbá ẹ ni? Á ní kí lo wá wá níbí. Wọ́n á gba egungun yẹn lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á tún nà ọ́ lé e."

Bàbá mi ti kọ́ mi ohun tí wọ́n ń ṣe bí amí bá fọ́. Kí a fi èékánná wọ́ ojú ibi tó fọ́. Bí ó bá tẹ́jú, nǹkan kan ló gbá a. Bí èékánná bá kọ́, àpáta ti sún. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Mi ò wọ́ ọ. Bí mo bá wọ́ ọ, màá mọ̀. Bí mo bá sì mọ̀, màá ní láti sọ.

Mo gbá àfọ́kù méjèèjì bọ́, mo sọ wọ́n sínú báàgì. Mo po píópì tuntun, mo fi lẹ ibẹ̀, mo ṣe é kó fẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta gẹ́lẹ́. *7/3* ni déètì tó wà lára ti tẹ́lẹ̀. Bàbá mi a máa fa ìlà kékeré kan kọjá láàárín méje rẹ̀; èmi náà fà á. Mo bu eruku, mo fi pa á lójú kó lè dà bí ohun tó ti pẹ́. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ tí mo wò ó, mi ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí mẹ́tàlá tó kù. Mo tiẹ̀ gbéra ga díẹ̀ pé ọwọ́ mi dára tó bẹ́ẹ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Màmá mi bu búrẹ́dì tí a sè mọ́ ẹ̀fọ́ ìgbẹ́ fún wa. Bàbá mi ń gbọ́ bí òjò ṣe ń lu òrùlé.

"Òjò yìí máa dán ògiri keje wò," ó wí. "Bí amí bá ṣì dúró láàárọ̀, Cataldo á gbé wáyà sábẹ́ rẹ̀."

"Bí kò bá dúró ńkọ́, Bàbá?"

"Ó ti bá wa sọ̀rọ̀ nìyẹn, a ó fi í sílẹ̀. Kí ló dé? O ò jẹun."

"Kò sí."

"Fọkàn balẹ̀. Amí mi kò purọ́ fún mi rí."

Mo fi búrẹ́dì dí ẹnu mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà ìsinmi ráńpẹ́, mo gbé báàgì mi lọ bá Ìyáàfin Pazienza ní yàrá sáyẹ́ǹsì. Mo tú àkísà náà kúrò níwájú rẹ̀. Mo rò pé á pariwo ayọ̀. Kò pariwo.

"Ẹ wo eyín rẹ̀, mà!"

"Mo rí i. Níbo ló wà kí o tó yọ ọ́? Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀? Ta ló yà á ní fọ́tò?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Orí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀."

"Libera." Ó jókòó. "Egungun tí a ò mọ bó ṣe dùbúlẹ̀, ìdajì ìtàn rẹ̀ ti sọnù. Mo kọ́ yín." Ó gbé báàgì náà láti wò ó bóyá nǹkan mìíràn wà níbẹ̀, àfọ́kù píópì méjì sì bọ́ sórí tábìlì. "Kí nìyí?"

Mo mú ọ̀kan láti fi pamọ́. Bí mo ti yí i ni mo rí ojú ibi tó ti dá.

Bí a bá ṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì sí méjì, inú rẹ̀ á funfun. Bí òòlù mi bá ló fọ́ amí yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí mo sì sọ ọ́ sínú báàgì lójú ẹsẹ̀, funfun ló yẹ kí inú rẹ̀ jẹ́. Ó pupa. Omi pàlàpálá ti wọ inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ti gbẹ síbẹ̀. Etí kan ṣoṣo, tí kò fẹ̀ ju ìbú orí ìṣáná lọ, ló funfun. Ìyẹn nìkan ni òòlù mi já.

Amí keje ti fọ́ kí n tó débẹ̀, lẹ́yìn tí bàbá mi yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Ó ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an, ó ti sọ ohun tó rí. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́, tí mo sì fi ọwọ́ bàbá mi kọ irọ́ dípò rẹ̀.

"Mà," mo wí, "wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀."

Nǹkan mélòó kan ni mo rí sọ kó tó yé e. Ó pe fóònù ọ́fíìsì kúárì. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Fóònù bàbá mi ń dún nínú kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí tísà kejì máa wo kíláàsì òun, ó fa ọwọ́ mi, a wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Lójú ọ̀nà ó bi mí ní ìbéèrè kan péré. "Aago mélòó ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀?"

"Aago méje."

Aago mẹ́wàá ti kọjá.

Òjò ti dá nígbà tí a dé. Wáyà agé-òkúta ń han lábẹ́ ògiri keje. Okùn irin gígùn ni, tí wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀ dáyámọ́ńdì sí lára. Ẹ̀rọ ń fà á yí po bí ó ti ń jẹ òkúta, omi funfun bíi wàrà sì ń ṣàn jáde. Búrọ̀dá Cataldo dúró ti ẹ̀rọ náà. Mo pariwo orúkọ rẹ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Kò lè gbọ́ mi.

Bàbá mi ló rí mi, lórí pèpéle òkè. Mo sáré bá a.

"Bàbá, amí keje, èmi ni mo ṣe é! Ti yín ti fọ́. Ó ti fọ́ kí n tó débẹ̀."

Ó wò mí. Ó wo amí náà. Kò bi mí ìdí, kò bi mí ìgbà. Ó na ọwọ́ sí fèrè ìkìlọ̀, ó fun ún lẹ́ẹ̀mẹta.

Gbogbo ènìyàn ló sá. Ẹni tó wà lórí katakata fò bọ́ sílẹ̀, àwọn méjì tó ń tọ́ omi ju rọ́bà wọn nù. Búrọ̀dá Cataldo náà ti sá tó ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ó wá dúró, ó yíjú padà. Wáyà tó ń sáré lábẹ́ òkúta, bí òkúta bá jókòó lé e, ó lè já, á sì fò bí ọta ìbọn lé àwọn tó ń sá. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ó padà lọ pa ẹ̀rọ náà.

Ariwo wáyà dáwọ́ dúró. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn mo gbọ́ ohun kan bí ẹni ń fa aṣọ ya. Ilẹ̀ pupa tú jáde lẹ́nu pàlàpálá náà, díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ó rọra ń ṣàn. Amí mi ṣẹ́ ní àárín. Lẹ́yìn náà ògiri náà fi ara rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí eruku rọ̀, a gbọ́ ohùn Búrọ̀dá Cataldo. Ó ń pe orúkọ bàbá mi. Ara rẹ̀ wà níta. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni kò sí níta.

Ní ilé ìwòsàn ní ìlú Foggia, wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ péjọ sí ẹnu ọ̀nà kúárì. Bàbá mi ní kí n sọ ọ́ fúnra mi, mo sì sọ ọ́, láti orí eyín dé orí pẹ́ńsù. Ruggiero ti sọ fún gbogbo ayé pé òun ò bá mi débẹ̀. Mi ò bá a jiyàn. Ọwọ́ tèmi ló po píópì.

Kò sẹ́ni tó bú mi. Bàbá àgbàlagbà kan, tó ti ń gé òkúta kí wọ́n tó bí bàbá mi, ló yíjú sí i. "Nazario, a ò bá ọ jà," ó wí. "Ṣùgbọ́n mẹ́tàlá tó kù ńkọ́? Èwo nínú wọn lọmọ rẹ kọ?"

"Kò kọ òmíràn."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Bàbá mi mú òòlù rẹ̀, ó ń ti orí ògiri kan bọ́ sí òmíràn, ó fọ́ gbogbo amí mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá. Ẹlòmíràn ló lẹ tuntun, ẹlòmíràn ló sì kọ déètì. Bàbá mi ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wo ojú rẹ̀ mọ́ láràárọ̀. Kò nà mí. Ì bá sàn fún mi ká ní ó nà mí.

Párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà wà nínú dúrọ́ọ̀ kan ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Kò sí orúkọ lára rẹ̀. A ò lè sọ bí ó ṣe dùbúlẹ̀, nítorí náà kò wúlò tó bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Odindi orí Bàbá Eku, tó dúró nínú òkùnkùn yẹn fún gbogbo mílíọ̀nù ọdún náà, ti di lẹ́búlẹ́bú lábẹ́ àpáta.

Ó pé oṣù méjì kí n tó láyà láti lọ kí Búrọ̀dá Cataldo nílé. Ó jókòó síta, igi ìtìlẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Dìde, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ilẹ̀ tútù. Ẹsẹ̀ tìẹ pé méjì, má bà á jẹ́." Ó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín. "Ṣé o mọ ohun tó ń dùn mí?"

"Ẹsẹ̀ yín ni, sà."

"Ẹsẹ̀ ti lọ, mo ti ń gbàgbé rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo wo ògiri yẹn, ara mi ò gbà á. Omi rẹ̀ pupa jù. Mo ní kí n sọ fún bàbá ẹ pé ká fi í sílẹ̀ lónìí. Mo wá gbójú sókè, mo rí amí tó dúró gbọn-in. Mo bú ara mi pé, 'Cataldo, o ti ń darúgbó, o ti ń bẹ̀rù òjò.'" Ó mi orí. "Mò ń súfèé nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ sábẹ́ ẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí. Súfèé yẹn."

Mo jókòó tì í títí oòrùn fi kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, èyí ni ohun tí mo kọ́. Ibi tí kò sí amí, ènìyàn á máa fi ojú ara rẹ̀ ṣọ́ra. Ibi tí amí bá ti ń purọ́, ọlọ́gbọ́n gan-an á máa súfèé wọnú ewu. Bí ohun tó ń kìlọ̀ bá fọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe tún un ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ pe àgbà, ẹ jẹ́ kó wò ó, kódà bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Ká ní mo jẹ́wọ́ àṣìṣe mi lọ́jọ́ Àìkú, ìtìjú ìrọ̀lẹ́ kan ni ì bá jẹ́. Mo bò ó mọ́lẹ̀ di ọjọ́ Ajé, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n sì fi san án.